Ọjọ́ kan ní Juneau: àbùùbùtán, odò yìnyín, tàbí òkè Roberts?

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń lọ sí Alaska kì í pẹ́ ní èbúté. Ní Juneau, tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, wákàtí 8 sí 10 ló sábà máa ń dúró; ti òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, nǹkan mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ń dù: kí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lọ wo àbùùbùtán (whale), kí wọ́n lọ rí odò yìnyín (glacier) Mendenhall, tàbí kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà kó gbé wọn gun òkè Roberts. Owó ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí owó wọn sì ká a, àkókò lè má tó wọn.

Ìwé ìpolówó inú ọkọ̀ máa ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lábẹ́ oòrùn. Juneau kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi fi rọ̀ mọ́ ohun kan: èyí tí òjò kò lè bà jẹ́ ni kí ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, èyí tí ìkùukùu lè bò mọ́lẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ sápò títí ẹ óò fi dúró lórí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ẹ óò fi ojú ara yín wo òkè.

Bí ojú ọ̀run ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà

Juneau wà láàárín Tongass, igbó ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Igbó òjò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tútù ni. Omi òkun wà níwájú ìlú, òkè gíga dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá láti orí òkun á kọlu òkè, á di òjò. Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹfà ló sábà máa ń gbẹ díẹ̀. Tó bá ti di ìparí Oṣù Kẹjọ wọ Oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ múra fún òjò. Nígbà ooru wọn pàápàá, ọ̀sán kì í sábà kọjá ìwọ̀n 18 Celsius, orí omi sì tún tutù ju orí ilẹ̀ lọ.

Òjò wẹ́wẹ́ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù, ìkùukùu tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Nígbà mìíràn ìlú á mọ́ kedere nísàlẹ̀, àmọ́ láti agbedeméjì òkè lọ sókè, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òkè Roberts ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Odò yìnyín ṣì máa hàn, torí pé ibi tó parí sí kò ga, ìsàlẹ̀ àfonífojì ló wà. Àbùùbùtán ní tirẹ̀, inú omi ló ń gbé, orí omi ló ń yọ sí, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wò ó sì ní òrùlé àti fèrèsé. Ìjì tàbí kùrukùru tó bo ojú omi pátápátá nìkan ló lè dí i lọ́wọ́, omi ibẹ̀ kì í sì í sábà ru, nítorí pé erékùṣù ló yí i ká.

| | Àbùùbùtán | Mendenhall | Òkè Roberts |
|---|---|---|---|
| Bí ìkùukùu bá sọ̀ kalẹ̀ | kò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára | ó ṣì ń hàn | kò sí ohun tí ẹ máa rí |
| Àkókò, lílọ àti bíbọ̀ | wákàtí 3 sí 4 | wákàtí 2 sí 4 | wákàtí 1 sí 2 |
| Owó | òun ló wọ́n jù | ó lè rọ̀ púpọ̀ | ó wà láàárín |
| Ìrìn ẹsẹ̀ | ẹ máa jókòó | díẹ̀ tàbí púpọ̀, bó bá ṣe wù yín | díẹ̀ |
| Ìgbà tó yẹ kí ẹ sanwó | láti ilé | ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, tàbí láàárọ̀ | láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan |

Àbùùbùtán

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹ ná owó ńlá lé lórí ní Juneau, àbùùbùtán ni màá dárúkọ láìṣiyèméjì. Irú tí wọ́n ń pè ní humpback ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó ti dàgbà a máa gùn tó mítà 12 sí 15, ìwọ̀n rẹ̀ a sì máa tó tọ́ọ̀nù 30. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ sí Hawaii. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun níbẹ̀. Ebi oṣù mélòó kan ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá sí Alaska, ìrìn àjò nǹkan bíi kìlómítà 4,500, nítorí pé omi tútù yìí ni ẹja wẹ́wẹ́ pọ̀ sí.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa wọn nìyẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí òun ló jẹ́ kí rírí wọn dájú tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kàn án kọjá lọ ní Juneau. Oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà tí òtútù bá tún dé. Láàárín Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹsàn-án, ó ṣòro kí ọkọ̀ kan jáde kó má rí ọ̀kan, débi pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣèlérí láti dá owó padà bí àbùùbùtán kò bá yọ.

Èémí rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ojú omi á pa rọ́rọ́, lójijì ni ìkùukùu kékeré kan á tú sókè, ẹ óò sì gbọ́ ọ, fùùù, kódà láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn dúdú á yọ, á tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, ìrù á gbé sókè, omi á máa sun wálẹ̀ lára rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀. Àmì dúdú àti funfun tó wà lábẹ́ ìrù yẹn kò bá ara wọn dọ́gba lára èyíkéyìí nínú wọn; òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ tó ti pẹ́ ní Juneau mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ, wọ́n mọ èyí tó bímọ àti ọdún tó bí i. Bí ẹ bá bá irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé, ẹ bi í ní ìbéèrè. Ohun tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìpolówó.

Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń dọdẹ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á máa tú afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ omi, á máa yí po bó ṣe ń tú u, ìfóòfó á sì dìde yí àwọn ẹja herring ká, wọn kò ní lè sá gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn yòókù á gba ìsàlẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu wọn á là gbàgà. Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Alaska wà lára ibi tí wọ́n ti mọ àṣà yìí jù lágbàáyé. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, fífò sókè kúrò nínú omi náà kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe ìdí tí ẹ fi sanwó.

Ẹ sì má ṣe retí pé ẹ óò fọwọ́ kàn án. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ọkọ̀ láyè láti sún mọ́ humpback ju yáàdì 100 lọ ní omi Alaska, ìyẹn mítà 91. Mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá: ẹran tó ti fi ebi rìn láti Hawaii yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kó jẹun. Ohun tó já sí ni pé àwòrán orí fóònù máa kéré. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání bí ẹ bá ní, kí ẹ sì fi fóònù sápò fún ìgbà díẹ̀ kí ojú yín lè rí i.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ó lé ní dọ́là 100 fún ẹnì kan, ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín láti èbúté lọ sí Auke Bay, níbi tí àwọn ọkọ̀ náà wà, ó tó bí ìṣẹ́jú 25. Ibi tí ìyàtọ̀ wà láàárín ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn ni bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó èèyàn púpọ̀ a máa dúró dáadáa lórí omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibi tó móoru wà fún àgbàlagbà. Àmọ́ nígbà tí àbùùbùtán bá yọ lápá ọ̀tún, gbogbo èèyàn á rọ́ lọ sápá ọ̀tún, ẹni tó bá kúrú á máa wo ẹ̀yìn èèyàn. Ọkọ̀ kékeré sún mọ́ ojú omi, kò sí ìdíje ibi ìdúró, ó sì wọ́n jù ú lọ. Bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, ọkọ̀ kékeré ni mo fẹ́ fún yín. Bí ó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní 75 ni, ẹ lọ wọ ńlá.

Ẹ óò tún rí àwọn kìnnìún òkun tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ohun ìṣàmì ojú omi, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, àti idì olórí funfun lórí igi etí omi. Wọ́n kún ọjọ́ náà dáadáa.

Odò yìnyín Mendenhall

Èyí ni mo máa rọ ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́ pé kó má ṣe fò dá, ìdí rẹ̀ sì ni pé kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti pápá yìnyín Juneau, lókè lọ́hùn-ún, ló ti ń ṣàn wálẹ̀, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 20. Òjò dídì ọdún dé ọdún ló gun orí ara wọn, tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi jáde nínú wọn tí wọ́n fi di yìnyín líle. Ó ń rìn lójoojúmọ́, àmọ́ ìrìn rẹ̀ kò yá tó láti borí yíyọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iwájú rẹ̀ ṣe ń sún sẹ́yìn. Adágún tí ẹ óò rí níwájú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Yìnyín ló bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí igbó ní Amẹ́ríkà ṣí ilé àbẹ̀wò ibẹ̀ lọ́dún 1962, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n kọ́, yìnyín sún mọ́ ilé náà ju bó ṣe wà nísinsìnyí lọ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé tó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 2050, ó lè má ṣeé rí mọ́ láti ibẹ̀. Àwọn Tlingit tó ni ilẹ̀ náà ti fún un lórúkọ, Áakʼw Tʼáak Sítʼ, tipẹ́tipẹ́ kí orúkọ Mendenhall tó dé.

Bí ìkùukùu bá wà lókè, ẹ má ṣe banú jẹ́. Yìnyín líle a máa gba àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, á sì jẹ́ kí búlúù kọjá. Oòrùn tó mú janjan a máa mú kó funfun lójú, àmọ́ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, búlúù yẹn a máa jáde ketekete. Ọjọ́ tí ìwé ìpolówó kò fẹ́ràn ni ọjọ́ tó dára jù láti wò ó.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀. Èyí tó kúrú jù ni Photo Point: nǹkan bí ìdajì kìlómítà ni, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ibẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní láti lọ ju ibẹ̀ lọ, odò yìnyín á hàn sí i láti ọ̀kánkán. Èkejì lọ sí ìtàkìtì omi Nugget, tó ń já láti nǹkan bíi mítà 115 lókè wá sínú adágún. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 3, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, bàtà lásán ti tó. Bí ẹ bá lè rìn, ẹ rìn ín: ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ bí odò yìnyín náà ṣe tóbi tó, nígbà tí ẹ bá rí èèyàn bí èèrà nísàlẹ̀ omi tó ń já. Ìkẹta, Steep Creek, jẹ́ pátákó tí wọ́n tẹ́ sókè odò kékeré kan. Láti Oṣù Keje lọ, ẹja salmon tó ti pupa á máa wọ́ gba inú odò náà lọ yé ẹyin, béárì dúdú á sì máa wá kó wọn jẹ. Nítorí béárì yìí, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tàbí nínú ọkọ̀. Omi nìkan ni kí ẹ gbé lọ́wọ́. Wọn a máa ti ọ̀nà náà nígbà mìíràn tí béárì bá pọ̀ jù, kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Kìkì ohun tó lè ṣẹ́ ẹ mọ́ yín lọ́wọ́ ni àkúnya. Kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìnyín náà tí omi ń gbára jọ sí. Bí omi bá ti pọ̀ jù, á já gba abẹ́ yìnyín, á sì ya wọ adágún àti odò. Ó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, 2024 àti 2025, ilé sì bà jẹ́ ní àdúgbò tó wà nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá máa dé ní Oṣù Kẹjọ, ẹ tẹ́tí sí ìkìlọ̀ ìjọba ìlú kí ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì. Ihò inú yìnyín tí ẹ rí nínú fọ́tò àwọn èèyàn, ẹ má ṣe wá a lọ; wọ́n máa ń wó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè kò sì ní àkókò rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè débẹ̀: bọ́ọ̀sì aládàáni wà ní èbúté tó ń lọ tó ń bọ̀, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní tirẹ̀, takisí sì wà. Bọ́ọ̀sì ìlú ló rọ̀ jù, owó rẹ̀ kò ju dọ́là díẹ̀ lọ, àmọ́ ó máa já yín sílẹ̀ níbi tí ẹ óò ti rìn bíi kìlómítà 2 àtààbọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, tí ẹ óò sì tún rìn ín padà. Ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ owó ná lè ṣe é, kò yẹ ìdílé. Kí ẹ tún mọ̀ pé ìjọba fi ìwọ̀n sí iye èèyàn tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè kó lọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú àtẹ pé ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú dára ju ìdúró dé àárọ̀ lọ, pàápàá lẹ́yìn àárín ìgbà ooru.

Òkè Roberts

Ẹ̀gbẹ́ èbúté gan-an ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbéra. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti gbé yín gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 1,800, nǹkan bíi mítà 550. Ilé iṣẹ́ Goldbelt ló ni ín, ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Juneau fúnra wọn, ìyẹn sì jẹ́ ìdí gidi láti ná owó síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá mọ́, ẹ óò rí ojú omi Gastineau nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ á kéré, òkè lórí òkè á tẹ́ lọ títí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà lókè fún ẹni tó bá fẹ́ rìn láàárín òdòdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò dídì ṣì máa ń wà níbẹ̀ wọ Oṣù Kẹfà.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ dúró lórí ọkọ̀ yín láàárọ̀, kí ẹ wo ibi tí wáyà náà parí sí lókè. Bí ẹ bá rí ilé orí òkè, ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn tó tò. Bí wáyà bá wọ inú funfun tí kò sì jáde mọ́, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò; ìkùukùu yẹn kan náà ni ẹ óò lọ dúró sí láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá sanwó rẹ̀ láti ilé kò ní lè yàn mọ́.

Hẹlikópítà tó ń já èèyàn sórí yìnyín náà wà, pẹ̀lú ajá tó ń wọ́ ọmọlanke orí yìnyín. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo èyí lọ ní ìlọ́po, ìkùukùu sì máa ń dá a dúró. Bí ẹ bá ní owó rẹ̀, kò burú. Àmọ́ ẹ ní ohun mìíràn lọ́kàn bí wọ́n bá fagi lé e.

Bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀

Auke Bay àti Mendenhall wà ní ìhà kan náà, ojú ọ̀nà kan náà ló lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ó mọ́gbọ́n dání láti ṣe àbùùbùtán àti odò yìnyín pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tà wọ́n papọ̀, gbogbo rẹ̀ sì tó wákàtí 5 sí 6. Ọkọ̀ tó bá dúró wákàtí 8 gba èyí dáadáa, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún òkè Roberts bí ojú ọ̀run bá mọ́. Ọ̀nà tí èmi á gbà lò ó nìyí. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ọkọ̀ tó dé ní ọ̀sán: ní Oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́.

Bí àkókò yín kò bá tó wákàtí 6, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbádùn rẹ̀. Owó tó pọ̀, òjò tó ń rọ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn: àbùùbùtán. Owó tó mọ níwọ̀n, ọmọ tó fẹ́ sáré: Mendenhall. Ojú ọ̀run tó mọ́ lójijì, wákàtí 2 péré: òkè Roberts.

Ẹ wo iye ọkọ̀ tó máa wà ní èbúté lọ́jọ́ yín pẹ̀lú. Ìjọba ìlú Juneau, tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 32,000, àti àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé kí ọkọ̀ ńlá má ṣe ju márùn-ún lọ lójúmọ́ láti ọdún 2024. Ọjọ́ tí márààrún bá pé, ìlà á gùn níbi gbogbo. Ẹ tètè jáde.

Ìwé ìrìnnà àwọn òbí

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó fẹ́ mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó wá láti Nàìjíríà lọ sí Alaska. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1886 kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà padà sí èbúté Amẹ́ríkà láìyà sí ilẹ̀ òkèèrè, àsíá òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ ńlá yìí ń gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbéra ní Seattle fi ń yà sí Kánádà, Victoria lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn mìíràn sì ń gbéra ní Vancouver gan-an. Ẹni tó ní green card pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí kò tíì kọjá ọjọ́ kò nílò físà Kánádà. Òbí tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àbẹ̀wò nílò rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé físà Amẹ́ríkà rẹ̀ á jẹ́ kó lè tún wọlé padà. Ó dùn mí láti máa ronú nípa àgbàlagbà tó ti kó ẹrù dé èbúté kí wọ́n tó sọ fún un pé kò lè wọ ọkọ̀. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan.

Ta ni ẹ máa bá lọ, àti ìgbà wo ni ẹ máa padà?

Ìrìn tí ẹ rà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọ́n díẹ̀ ju èyí tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìlú tààrà. Ohun tí ẹ ń fi owó yẹn rà ni pé bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí ẹ bá lọ fúnra yín, kò ní dúró. Mo rò pé fún àbùùbùtán, tó jìnnà tó sì gùn, ó yẹ kí ẹni tí kò tíì rin irú ìrìn yìí rí rà á nínú ọkọ̀, àyàfi bí ilé iṣẹ́ ìlú bá ń padà ní wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra. Fún Mendenhall àti òkè Roberts, kò sí ìdí láti san àlékún náà.

Aago Alaska fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Seattle. Ọkọ̀ kan á yí aago rẹ̀ padà, òmíràn kò ní yí i, fóònù yín á sì yí tirẹ̀ láìbi yín. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé aago wo ni wọ́n ń lò, kí ẹ kọ wákàtí ìpadà sílẹ̀ sórí bébà. Ọ̀nà mọ́tò kankan kò so Juneau mọ́ ìlú mìíràn. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, owó ara rẹ̀ ló máa fi wọ bàálù lọ bá a ní èbúté tó kàn.

Nítorí náà, ẹ padà sí etí omi ní wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú. Àkókò yẹn kò ní ṣòfò, torí àwọn òpó tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Tlingit, Haida àti Tsimshian gbẹ́ wà ní ojú ọ̀nà Kootéeyaa Deiyí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé 12 àkọ́kọ́ dúró nínú 30 tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìtàn ìran kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, ẹyẹ ìwò àti idì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá ti wo òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ á mọ bó ṣe yẹ kó fara balẹ̀ wò ó. Àkọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìdílé tó ni í. Ẹ kà á.